Ẹ ṣọ́ra o! Ayédèrú ni káàdì GTX 1060 tí wọ́n tà fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti mọ̀ pé wọ́n lù mí ní jìbìtì lórí kọ̀ǹpútà géèmù àti káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀, síbẹ̀ tí mo bá ti rántí, àyà mi á tún máa lù kì kì kì. ₦420,000! Owó aṣọ Iléyá ni. Télọ̀ ni mí, tí ẹ bá mọ bí télọ̀ ṣe ń sùn sórí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó mọ irú owó tó jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ni àgbàlagbà tó ní ìyàwó nílé ń fi kọ̀ǹpútà géèmù ṣe. Owó mi ni, n kò jí i. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn géèmù. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ilé onígéèmù ni owó oúnjẹ ọ̀sán mi ń lọ, mo sì ti sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá tẹ owó, tèmi á wà nílé. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú ìyẹn?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ó ti tó oṣù méjì tí èmi, àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kàwé ní LAUTECH ti ń jiyàn lórí ilé iṣẹ́ tí ohun inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dára jù. Àbúrò mi ní Intel. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní AMD. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ wá Ryzen 5 3600 àti RX 580 tòkúnbọ̀, owó yín á ká a.” Ryzen ni processor AMD, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, RX 580 sì ni káàdì àwòrán wọn. Mo ní rárá, Intel tó ń ṣe processor àti NVIDIA tó ń ṣe káàdì àwòrán ni mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò fẹ́ òmíràn. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ló kó bá mi. Orúkọ ni mò ń wá kiri, ẹni tó fẹ́ tà fún mi sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí n tó jókòó.

Ọ̀nà Tákíé ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn àgbà ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ tí oníṣọ́ọ̀bù náà sọ fún mi ni kí ẹ fetí sí, torí irú ẹ̀ náà ni wọ́n máa sọ fún yín níbòmíràn.

Bí mo ṣe wọlé báyìí, ó dìde, ó ní kí ọmọ lọ ra omi tútù wá fún mi. Mo ní kọ̀ǹpútà géèmù ni mo fẹ́, pé ẹnì kan ní kí n ra AMD. Ó mi orí bí ẹni tó ń káàánú mi. “Ẹ̀gbọ́n, AMD kẹ̀? Ó máa ń gbóná jù. Pẹ̀lú irú iná tí wọ́n ń fún wa yìí, kò ní pẹ́ jóná mọ́ yín lọ́wọ́.” Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ tán ni mo tó mọ̀ pé AMD FX àtijọ́, processor wọn tó ṣáájú Ryzen, ni wọ́n máa ń bú bẹ́ẹ̀. FX-9590 tó jáde ní 2013, 220 watt ni wọ́n kọ sí i, òótọ́ ni pé iná ni. Ṣùgbọ́n láti 2017 tí Ryzen ti jáde ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ryzen 5 3600 tí ọmọ yẹn ní kí n rà, 65 watt ni. Ọkùnrin yẹn mọ̀! Òwò rẹ̀ ni, kò lè ní òun kò mọ̀!

Ó wá gbé èyí tó fẹ́ tà jáde. Àpótí dúdú, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, fáànù mẹ́ta tó ń tàn pupa, tó ń tàn búlúù. N kò ní parọ́, iná yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Ó ní Intel Core i7 rèé, NVIDIA GTX 1060 rèé, 6GB, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀. Ó ṣí ibi tí orúkọ káàdì máa ń wà, mo fi ojú mi méjèèjì rí i pé GTX 1060 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa rí ìyẹn tó máa ṣiyèméjì? Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ ni?

i7 wo? N kò bèèrè. Mo gbọ́ i7, ó parí. i7-2600 ni, èyí tó jáde ní 2011, core mẹ́rin, ìyẹn òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú processor. i3-12100 ti 2022 náà core mẹ́rin ni, i3 lásán o, tó wà nísàlẹ̀ i7, ó sì yá ju i7 yẹn lọ fíìfíì. Microsoft kò tilẹ̀ fọwọ́ sí Windows 11 lórí ọ̀pọ̀ Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, ìran kejì sì ni i7-2600 yẹn. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n fi gbé e wọlé kí n lè rò pé nǹkan tuntun ni.

Èyí tó dùn mí jù lọ wá ni ihò VGA, ibi tí okùn mọ́nítọ̀ àtijọ́ máa ń wọ̀. Ó wà lẹ́yìn káàdì náà, aláwọ̀ búlúù, ojú kéékèèké 15 nínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí fi ìka kàn án, ó ní, “Ẹ wò ó, mọ́nítọ̀ àtijọ́ tó wà nílé yín á bá a mu, ẹ ò ní náwó sí òmíràn.” Inú mi dùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lù mí ní jìbìtì ni mò ń kí pé ẹ ṣeun! Kò sí ojúlówó GTX 1060 kankan tó ní ihò VGA. NVIDIA ti yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìran GTX 10. Ihò tó fi tà á fún mi gan-an ni ẹ̀rí pé irọ́ ni.

Èmi tí mo máa ń fi àtàńpàkò tẹ etí àǹkárá wò tí mo sì máa mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Èmi tí kò sí ẹni tó lè ta léèsì ayédèrú fún. Mo ṣe tírànsífà ₦420,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò ná an ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé e délé. Iná wà. Mo tan géèmù GTA V, ó ń wọ́ bí ìgbín, àwòrán ń dúró, ó ń fò. Mo ní bóyá driver ni, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì, mo fi dátà mi wa èyí tó jẹ́ tuntun fún GTX 1060 láti ojúlé NVIDIA. Bó ṣe ń parí báyìí, ojú mọ́nítọ̀ di búlúù, ó kú. Mo tún tan án, ó tún kú. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní iná ilé mi ni kò tó. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo jó epo lítà mẹ́rin, ibì kan náà la wà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi rò pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ń bẹ̀rù, mo tilẹ̀ ń ronú ohun tí mo máa sọ kó má bàa bínú sí mi.

Ọjọ́ Ajé ni ọmọ LAUTECH yẹn wá. Ó wo ẹ̀yìn káàdì, ó dákẹ́. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi GPU-Z yẹ̀ ẹ́ wò.” Ètò tó ń sọ ohun tí káàdì jẹ́ gan-an ni, orí fláàṣì rẹ̀ ló wà. Bó ṣe ṣí i, FAKE ni wọ́n kọ síwájú orúkọ káàdì náà, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta sì wà níbi tí àmì NVIDIA yẹ kó wà. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ṣípù inú káàdì àti ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é sí, GF106, 40 nm. Ó ní GP106, 16 nm ló yẹ kí n rí. GTS 450 ni wọ́n tà fún mi, káàdì ọdún 2010! CUDA core, ìyẹn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú káàdì, 192 ló ní, 1280 ni GTX 1060 6GB ní. Wọ́n kàn yí ohun tó wà nínú BIOS rẹ̀, ètò kékeré inú káàdì tó ń sọ orúkọ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá yọ lébẹ́ẹ̀lì aṣọ tuntun tó wá rán an mọ́ ọrùn bọ́síkọ́nà. Láti 2018 ni NVIDIA ti dáwọ́ driver tuntun dúró fún irú káàdì bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kú.

Ọmọ náà kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. N kò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì. Kò sí omi tútù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo mú un sílẹ̀, ó kà á sókè lójú àwọn oníbàárà: “Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan.” Ó ní níbo ni wọ́n ti kọ GTX 1060 síbẹ̀? Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wá ní bóyá èmi ni mo pààrọ̀ káàdì nílé kí n tó gbé e wá. Èmi! Ó pè mí ní olè lójú èèyàn, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kó owó mi fún un! Lẹ́yìn náà ló ní òun lè fún mi ní ₦60,000 “nítorí Ọlọ́run.” N kò gbà á.

N kò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ èyí tó ń kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá ti ra AMD, ẹ ti bọ́. RX 580 kan wà níta tó jẹ́ 2048 ni core rẹ̀, ojúlówó ní 2304, owó kan náà ni wọ́n sì máa ń pè é fún ẹni tí kò mọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má jókòó sórí i7 tàbí Ryzen lásán, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ wá ọdún tó jáde. Ẹ gbé GPU-Z àti CPU-Z, èyí tó ń yẹ processor wò, lọ sí ṣọ́ọ̀bù lórí fláàṣì ti yín, ẹ má lo tiwọn. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì. Ẹ ta géèmù lórí rẹ̀ fún wákàtí kan níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Kí wọ́n kọ orúkọ processor àti káàdì sí rìsíìtì ní kíkún, bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jáde. Kí ẹ sì mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Mo mọ̀, ẹ ó ní ṣebí mo ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní in. Torí mo ti bá a jiyàn, ojú ń tì mí láti pè é, n kò fẹ́ kí ọmọ kékeré máa sọ fún mi níwájú oníṣọ́ọ̀bù.

Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni káàdì náà wà báyìí, n kò fọwọ́ kàn án, ẹ̀rí ni. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni àwọn àgbà ní ká padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti ra káàdì tó ní ihò VGA búlúù ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n pè é ní GTX 1050 Ti tàbí GTX 1060 fún yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ àti rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tí a bá ti ju ẹyọ kan lọ, kò ní lè sọ fún àwọn àgbà mọ́ pé èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀.