Táyà Michelin Pilot Sport 4 lábẹ́ Mazda MX-5, lẹ́yìn òjò ọdún méjì ní Abẹ́òkúta

Mazda MX-5 ti ọdún 2006 ni mo ń wà, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,100 kìlógíráàmù lọ, a sì pín in fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, èyí ni ó fi máa ń yà ní kọ́nà wọ́ọ́rọ́wọ́ láìjà awakọ̀ níyàn. Fífúyẹ́ yìí kan náà ni ó mú kí n wá táyà gidi wá fún un, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi kí n tó rà wọ́n.

Mo ń ti Ṣàgámù bọ̀ nílé ní oṣù kẹfà ọdún kan. Òjò ńlá ti dá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sún mọ́ Kòbápẹ́, omi ṣì dúró nínú ipa tí táyà àwọn tírélà ti tẹ̀ rì sínú ọ̀dà. Eré mi kò ju 85 lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ariwo táyà lórí ọ̀dà dákẹ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n mọ́ abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń da iyanrìn sórí páànù. Sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, abẹ́rẹ́ tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì fò sókè bẹ́ẹ̀ ni n kò fi kún iná, ìdí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí òsì. Mo dẹ ẹsẹ̀ lórí iná díẹ̀díẹ̀, n kò fọwọ́ kan búréèkì, mo di sítíárìn mú síbi tí mo ń lọ, títí táyà fi tún rí ọ̀dà mú. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí mo dé Àsẹ̀rò.

Nílé, mo ki igi ìṣáná bọ inú ilà ojú táyà ẹ̀yìn, mo fi èékánná sàmì sí ibi tí ó rì dé, mo sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mìlímítà 2 péré ni, bẹ́ẹ̀ táyà tuntun a máa ní nǹkan bí 8. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT lára rẹ̀ ni 3214, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Tòkunbọ̀ ni, ẹni tí ó tà á fún mi ti fi nǹkan dúdú kùn ún títí ó fi ń dán bíi tuntun. Ìjọba ti fòfin de kíkó àlòkù táyà ọkọ̀ kéékèèké wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ wọ́n wà lójú títì níbi gbogbo, èmi náà sì rà wọ́n nítorí owó.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni pé táyà léfòó. Omi ṣáájú táyà kò rí ibi sá sí, ó wá di gìrọ́gìrọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e kúrò lórí ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí omi bá jìn tó mìlímítà 3, tí ọkọ̀ sì ń sá 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan, táyà tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 205 gbọ́dọ̀ ti omi tí ó tó lítà 13 kúrò lọ́nà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ju ìdajì kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ. Jíìpù tí ó wúwo ní ìlọ́po méjì ń fi agbára tẹ omi náà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tèmi kò ní ju nǹkan bí 275 kìlógíráàmù lọ lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, fífẹ̀ táyà, tí a fi ń ṣe fújà lójú ọ̀nà gbígbẹ, di ẹrù lójú omi.

Ìwádìí tí NASA ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1963, èyí tí wọ́n fi táyà bàálù ṣe, fi hàn pé afẹ́fẹ́ inú táyà ni ó ń sọ eré tí yóò ti léfòó nígbà tí omi bá jìn ju ohun tí ilà ojú rẹ̀ lè gbé lọ. Bí a bá fi ìṣirò wọn wo gééjì 29 (ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà, PSI) tí Mazda kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi, ó sún mọ́ 90 kìlómítà. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ sí 22, ó di 78. Tèmi ní ọjọ́ náà wà ní 24.

Pilot Sport 4 tí mo wá rà jẹ́ 205/45R17, ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà bá dé láti ilé iṣẹ́: ó fẹ̀ tó mìlímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, rímù íǹṣì 17 ni ó sì ń wọ̀. Èkó ni mo ti rà á, Pansẹ́kẹ́ ni mo ti jẹ́ kí wọ́n fi í sí i. Ojú rẹ̀ kò dọ́gba lápá méjèèjì: àwọn ilà gbọọrọ tí ó jìn ni ó ń gba omi kọjá, èjìká tí ó kọjú síta sì le, kí ó má baà rọ̀ ní kọ́nà. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ibi tí ó gbọ́dọ̀ kọjú síta, ẹ dúró ti fọkanáísà yín nígbà tó bá ń ṣe é, nítorí èyí tí ó ṣe tèmi ti ń yí ọ̀kan sódì kí n tó pè é.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lọ́jọ́ òjò àkọ́kọ́. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìbàrà, níbi tí omi ti ń ti orí àpáta ṣàn gba ojú ọ̀dà kọjá pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa, mo tẹ búréèkì, ọkọ̀ sì dúró láìyẹ̀ rárá. Lọ́nà Kòbápẹ́, nínú irú ipa tírélà yẹn, mo gba ibẹ̀ kọjá ní 70, mo ń gbọ́ bí omi ti ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, sítíárìn sì wúwo lọ́wọ́ mi bó ti yẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó máa ń kìlọ̀. Ìró rẹ̀ a yí padà, sítíárìn a dẹ̀ díẹ̀, kí ó tó di pé nǹkan kan bọ́, àyè sì wà fún mi láti dín eré kù.

Ẹnìkan tí ó ka ìṣirò NASA gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fẹ́ ẹ dé 40. N kò gbà. Lórí ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ báyìí, àárín táyà nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀, dídi ọ̀nà mú yóò sì dín kù ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Gééjì 29 ni mo ń lò, láàárọ̀, kí táyà tó gbóná, pẹ̀lú gééjì tèmi tí mo rà, nítorí pé 35 àti 40 ni ọ̀pọ̀ fọkanáísà máa ń fẹ́ fún gbogbo ọkọ̀ láìbéèrè.

Owó rẹ̀ ga. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa láti ọdún 2007, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí kò bá lè ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó fi méjì tuntun sí ẹ̀yìn, nítorí pé bí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ léfòó, ọkọ̀ yóò yí po. Ẹ̀gbẹ́ táyà 45 kò ga, nítorí náà mo máa ń yẹra fún kòtò Ọbańtókò bí ẹni ń yẹ ejò.

Igi ìṣáná rì dé mìlímítà 6 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn òfin òkè òkun gbà kí ènìyàn lò ó títí dé 1.6, ṣùgbọ́n bí tèmi bá ti di 3, mo máa pààrọ̀ wọn kí oṣù kẹrin tó wọlé.