Star Trek Into Darkness: orúkọ Khan ni wọ́n gbé wá, wọn ò gbé ìjà rẹ̀ wá

Star Trek Into Darkness tó jáde lọ́dún 2013 kì í ṣe fíìmù tí wọ́n fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Owó wọlé sí i, àwọn òṣèré mọ iṣẹ́, J.J. Abrams tó darí rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí òǹwòran sinmi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Nǹkan kan ṣoṣo ló já mi kulẹ̀, àmọ́ orí ẹ̀ ni wọ́n gbé gbogbo fíìmù náà lé: wọ́n lọ jí Khan dìde.

Ẹni tí kò bá mọ Khan tẹ́lẹ̀, ìtàn rẹ̀ rèé. Nínú "Space Seed", ọ̀kan lára àwọn eré Star Trek orí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n gbé jáde lóṣù kejì ọdún 1967, Enterprise, ọkọ̀ tí Kirk ń darí láàárín àwọn ìràwọ̀, bá ọkọ̀ àtijọ́ kan pàdé. Inú ọkọ̀ yẹn ni àwọn èèyàn tí wọ́n fi sáyẹ́ǹsì tún ẹ̀dá wọn ṣe ti ń sùn nínú òtútù láti ọdún 1996. Khan Noonien Singh ni olórí wọn, ó sì ti jọba lórí ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ayé lọ rí. Kirk gbà á sọ́kọ̀, ó tọ́jú rẹ̀, Khan wá fẹ́ gba ọkọ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, Kirk kò jù ú sẹ́wọ̀n. Ó kó òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ lọ sórí pílánẹ́ẹ̀tì Ceti Alpha V pé kí wọ́n lọ tẹ ìlú tiwọn dó, kò sì padà wá wò wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pílánẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí wọn bú gbàmù, ibi tí wọ́n wà di aṣálẹ̀, ìyàwó Khan kú síbẹ̀. Ọdún 15 ni Khan fi ka ikú yẹn sí Kirk lọ́rùn kó tó ráyè gbẹ̀san nínú The Wrath of Khan lọ́dún 1982. Ricardo Montalbán kan náà ló ṣe Khan nígbà méjèèjì.

Nínú fíìmù 1982 yẹn, Khan àti Kirk kò fojú kojú rárá. Láti ọkọ̀ sí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó tí kò ní mọ̀ pé ọ̀ràn wọn ti kọjá ẹ̀bẹ̀.

Ní 2013, kò sí ọ̀ràn kankan nílẹ̀. Fíìmù Star Trek ti 2009 tó ṣáájú rẹ̀ ti yí ìtàn padà látọjọ́ tí wọ́n bí Kirk, torí náà Kirk yìí kò bá Khan pàdé rí. Admiral Marcus, ọ̀gágun kan nínú ẹgbẹ́ tí Kirk ń ṣiṣẹ́ fún, ló jí Khan lójú oorun, tó sọ ọ́ ní John Harrison, tó ní kó máa ṣe ohun ìjà fún òun, tó sì fi àwọn èèyàn rẹ̀ 72 dógò. Marcus ló ṣẹ Khan. Kirk ní ẹ̀dùn tirẹ̀ lóòótọ́, torí ẹni yìí ló pa Pike tó dà bíi bàbá fún un, ṣùgbọ́n John Harrison lásán lè pa Pike. Orúkọ Khan kò fi nǹkan kan kún ẹ̀dùn yẹn.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti tú àṣírí náà. Harrison wà nínú túbú onígíláàsì, ojú rẹ̀ kún gbogbo àwòrán, ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn kó tó sọ ọ́: Khan lorúkọ òun. Kí ni Kirk fèsì? Ó béèrè ìdí tí ọ̀gágun kan yóò fi máa wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ti dì gbagidi fún 300 ọdún. Kò tilẹ̀ ya orúkọ náà sí, kò sì yẹ kó yà á sí, torí kò gbọ́ ọ rí. Àwa òǹwòran ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, ẹni tí kò bá sì wo ti àtijọ́ nínú wa, kò já mọ́ nǹkan kan fún un. Àwọn tó kọ ìtàn náà mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀, ni Spock, igbákejì Kirk, bá pe Spock àgbà (òun kan náà láti inú ìtàn àtijọ́, tí Leonard Nimoy ṣe), kó lè ròyìn fún un pé kò sí ọ̀tá tó léwu tó Khan nínú gbogbo èyí tí Enterprise kojú. Ìbẹ̀rù tó yẹ ká fojú rí, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ikú Kirk ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ní 1982, Spock ló wọ inú yàrá ẹ́ńjìnnì tí ìtànṣán olóró kún, kó lè gba ọkọ̀ là. Gíláàsì wà láàárín òun àti Kirk; ó ń kú lọ, ó ṣì ń béèrè bóyá ọkọ̀ ti bọ́ nínú ewu. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì, Kirk gbé tirẹ̀ lé e lódìkejì. Kirk tó ti ń fi ọgbọ́n yẹ ikú sílẹ̀ látọjọ́ yìí wá, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ní 2013, wọ́n kàn pààrọ̀ ẹni tó wà nínú pẹ̀lú ẹni tó wà níta. Kirk wọlé, ó fi ẹsẹ̀ gbá ẹ̀rọ náà padà sáyè rẹ̀, ó kú, Spock sì pariwo "Khan!", igbe tó jẹ́ ti Kirk nínú fíìmù 1982. Àwọn méjì tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n mọra ni wọ́n gbé ẹkún ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ rù.

Ẹkún náà kò tiẹ̀ pẹ́. McCoy, dókítà ọkọ̀ náà, ti gún òkú tribble, ẹranko onírun kékeré, ní ẹ̀jẹ̀ Khan ṣáájú, ẹni tó bá fọkàn bá a lọ ti mọ̀ pé Kirk máa jí. Kí fíìmù náà tó parí, ó ti jí. Ní 1982, Spock kú, fíìmù parí, ó di 1984 kí àwọn èèyàn tó rí i padà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: McCoy ní kí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn 72 náà kúrò nínú àpótí òtútù kí wọ́n lè tẹ́ Kirk sí i. Ẹni tí wọ́n gbé kúrò yẹn àti Khan, ẹ̀dá kan náà ni wọ́n. Kí ló dé tí Spock fi ń lé Khan kiri San Francisco nítorí ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wà níwájú dókítà? Nínú Star Trek Beyond tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2016, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀jẹ̀ tó ń jí òkú yìí mọ́.

Mi ò lè bu ẹnu àtẹ́ lu Benedict Cumberbatch. Ohùn rẹ̀ nìkan tó ẹ̀rù. Ibi tó tiẹ̀ dára jù nínú fíìmù náà wà ṣáájú kí orúkọ Khan tó jáde: bàbá kan ní London tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, Harrison ní òun lè wò ó sàn. Ara ọmọ yá, bàbá náà ju òrùka sínú ife omi, ilé náà sì bú gbàmù. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ níbẹ̀, dùùrù ló ń sọ̀rọ̀. Peter Weller náà ṣe Marcus dáadáa, òun sì ni ọ̀tá gidi nínú ìtàn yìí. Ẹ yọ orúkọ Khan kúrò, ẹ jẹ́ kí Harrison jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń sùn yẹn, ẹ wá wo ohun tó máa yẹ̀. Ìpè Spock àgbà àti igbe yẹn nìkan ni.

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó kọ́kọ́ wo "Space Seed", nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni, kó wá wo The Wrath of Khan, tí kò pé wákàtí méjì. Bí ẹ kò bá ráyè fún gbogbo ìyẹn, ẹ fo ti 2013, ẹ lọ wo Beyond. Krall tí Idris Elba ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá àtijọ́, inú fíìmù náà gan-an lẹ ó sì ti rí ohun tó ń bí i nínú.