Ìkìlọ̀: ẹ má sanwó lé íápíìsì aláìní-wáyà tí ẹ kò tíì fi sétí

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹni tó bá ń gbèrò láti lọ ra íápíìsì aláìní-wáyà ní Ìkẹjà, ẹ jọ̀wọ́, kó ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó tó jáde nílé. Wọ́n ta ayédèrú fún mi ní ₦18,500 nínú Computer Village. Wọ́n fi ọ̀rá dídán wé páálí rẹ̀, wọ́n kọ rìsíìtì lé e, nígbà tí mo sì gbé e padà lọ, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní èmi ni mo bà á jẹ́. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ síta, ọgbọ́n kan náà ni wọn yóò tún fi gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la.

Iṣẹ́ mi ni ó mú kí n nílò rẹ̀. Agége ni mo ń gbé, Márínà ni ọ́fíìsì wa wà, àwọn oníbàárà sì máa ń pè mí nígbà tí mo bá wà nínú danfó. Íápíìsì oníwáyà tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń há mọ́ báàgì ẹni tó bá jókòó tì mí, etí kan rẹ̀ sì ti kú. N kò wá èyí tí àwọn olówó ń lò. Ohun tí mo ń wá ni èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí etí méjèèjì rẹ̀ ń dún, tí ẹni tí mo bá ń bá sọ̀rọ̀ yóò sì gbọ́ mi. Ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí ní òpópónà Otigba. Ó kí mi dáadáa, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ fẹ́ rà? Ọ̀dọ̀ wa ni ojúlówó wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lù yín ní jìbìtì níwájú.” Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to páálí kún láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ gbé ọ̀kan tí wọ́n ti tú sílẹ̀ látorí gíláàsì, ó so ó pọ̀ mọ́ fóònù mi, ó fi orin sí i. Ohùn rẹ̀ mọ́. Ìlù ń dún bó ṣe yẹ, ohùn akọrin sì dá yàtọ̀. Mo pe àbúrò mi obìnrin láti ibẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà níta, ó ní òun ń gbọ́ mi ketekete. Mo yọ ti ọ̀tún, mo fi ti òsì nìkan sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àyẹ̀wò tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe ni mo ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ sọ pé n kò fara balẹ̀, ẹ rántí ibí yìí.

Nígbà tí a ná an tán, tí ẹnu wa kò sí ₦18,500, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ tábìlì, ó gbé páálí mìíràn tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde. Mo ní kó fún mi ní èyí tí a ti dán wò. Ó ní èyí tí àwọn fi ń han oníbàárà ni ìyẹn, pé etí tó ti wọ̀ ọ́ kò níye, pé tuntun ni ó yẹ mí. Mo ní kó tú ọ̀rá náà kí n rí inú rẹ̀. Ó ní bí àwọn bá ti tú u, mo ti rà á nìyẹn, kí n kọ́kọ́ sanwó. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi, nítorí ta ni yóò fẹ́ kí etí ẹlòmíràn ti wọ ohun tí òun ń fowó rà? Mo fi owó ránṣẹ́ láti báńkì mi. Orúkọ tó hàn lójú fóònù mi kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ẹnì kan ni. Mo béèrè, ó ní ìyàwó ọ̀gá àwọn ni. Bí àlẹ́ẹ̀tì ṣe dún lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ yí padà. Mo ní kó wá tú u nígbà tí mo ti sanwó, ó ní kí n má dí ẹnu ọ̀nà fún àwọn oníbàárà, pé òjò ń ṣú, pé kí n lọ fara balẹ̀ tú u nílé.

Nílé ni àṣírí tú. Lára àwòrán páálí, Type-C ni ojú ihò ṣájì rẹ̀, ṣùgbọ́n micro-USB àtijọ́ ló wà lára kéèsì inú rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fún íápíìsì náà ní iná. Ìdérí kéèsì náà ń mì lọ́wọ́. Nọ́ńbà tó ń tàn níwájú rẹ̀ kọ 100, mo yọ ti ọ̀tún, nọ́ńbà já wálẹ̀ sí 60 lójú mi, mo yọ ti òsì, iná kú pátápátá. Ti òsì yẹn kò dún rárá. Mo dá a padà sínú kéèsì, mo tún un yọ, mo pa Bluetooth, mo tún un tàn, mo fi aṣọ nu ojú irin kékeré tó fi ń gba iná, kò dún. Mo pe àbúrò mi pẹ̀lú ti ọ̀tún tó ṣẹ́ kù, ó ní ohùn mi ń dún bí ti ẹni tó jìn sí kànga. Àbúrò kan náà, fóònù kan náà! Ta ni yóò wá sọ fún mi pé ohun tí mo dán wò ni mo gbé lọ sílé?

Ohun tó tún dùn mí ni pé orúkọ iléeṣẹ́ ńlá tó wà lára páálí ni ó hàn lójú fóònù mi nígbà tí mo so ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìyẹn tó ẹ̀rí. Kò tó o. Orúkọ tó ń hàn níbi Bluetooth kò ju ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣe é kọ sínú rẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ń ṣe ayédèrú lè kọ orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀.

Mo padà lọ. Ọkùnrin náà wo èmi, ó wo páálí, ó ní, “Àǹtí, ṣé kì í ṣe pé ó bọ́ sómi lọ́wọ́ yín?” Mo ní rárá. Ó gba rìsíìtì ọwọ́ mi, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá, tí ó sọ pé owó tí a bá ti san kò ní padà mọ́. Ìlà náà kéré débi pé mo ní láti gbé e sún mọ́ ojú kí n tó kà á. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ₦6,000 kún un kí òun fún mi ní “ojúlówó gan-an.” Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ tún un kà. Ojúlówó ló ní òun tà fún mi tẹ́lẹ̀. Kí wá ni mo san ₦18,500 fún? Mo gbé ohùn sókè, àwọn ọmọ ọjà yí mi ká, wọ́n ń pàrọwà pé kí n ní sùúrù, pé àgbàlagbà ni mí. Èmi tí wọ́n rẹ́ jẹ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó dákẹ́!

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí ló dé tí n kò pe òun kí n tó lọ. Bóyá bí a bá jọ lọ ni, wọn ì bá bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n èwo ni kí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ jẹun máa wá alábàárìn kó tó lè ra íápíìsì? Àwọn kan yóò ní ó yẹ kí n ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ̀ láti tú ọ̀rá. Ẹ lè wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pa irọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí.

N kò sọ pé gbogbo olówó pọ́ọ́kú ni kò dára. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ń lo ọ̀kan tí kò wọ́n, ó sì ń ṣe ohun tó torí rẹ̀ rà á fún un. Kò sí wáyà tó ń lọ́, ó lè fi etí kan gba ìpè nígbà tí èkejì ń gba iná, ó sì ń gbọ́ ìwàásù àti ìròyìn láìsí ìdíwọ́. Àléébù rẹ̀ wà, kò sì fi pamọ́ fún mi: bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ wọlé lójú fèrèsé danfó, wọn kì í gbọ́ ọ dáadáa, ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bá ẹnu òṣèré nínú àwọn fíìmù kan, bátìrì rẹ̀ kò sì ṣeé pààrọ̀, nítorí náà bí bátìrì bá ti gbó, gbogbo rẹ̀ ló gbó. Ó mọ gbogbo ìyẹn kó tó sanwó.

Irọ́ ló kún ara páálí tèmi. Wọ́n kọ ANC sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi gbohùngbohùn kékeré gbọ́ ariwo ìta, tó sì ń gbé ìró tó lòdì sí i jáde kí ariwo náà lè rọlẹ̀ létí ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo jókòó ti ẹ́ńjìnnì danfó pẹ̀lú rẹ̀, ariwo kò dín. Ohun tí ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ní ni ENC, tí ó ń dín ariwo kù fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lórí ìpè, tí kò sì ṣe nǹkan kan fún etí tiwa, ṣùgbọ́n àwọn òǹtajà ń pe méjèèjì ní ọ̀kan náà. Wọ́n kọ IPX7, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ gan-an kò dún. Wọ́n kọ 2,000 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà, sára kéèsì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, nígbà tí irú kéèsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní 300 sí 500. Wọ́n kọ Bluetooth 5.3, tí ó jáde ní 2021, bí ẹni pé nọ́ńbà yẹn ló ń mú orin dùn.

Nítorí náà, èyí tí ẹ bá dán wò gan-an ni kí ẹ gbé lọ, tàbí kí wọ́n tú tuntun níwájú yín kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ̀tún, ẹ gbọ́ òsì, ẹ pe ènìyàn kan. Ẹ wo ihò ṣájì bóyá ó bá ti ara páálí mu. Bí orúkọ tó wà ní báńkì kò bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ má san án. Ẹ ka ìsàlẹ̀ rìsíìtì.

Ní tèmi, n kò fọkàn tán òǹtajà kankan mọ́, yálà ti Ìkẹjà, ti Ìdúmọ̀tà, tàbí àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp. Bí àwọn olóòótọ́ bá wà láàárín wọn, kí wọ́n tú ọ̀rá kí a rí wọn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún wa ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kí a tó gbà á, àti láti dá èyí tó ní àbùkù padà, ìlà kékeré ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò sì lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Rìsíìtì mi, ẹ̀rí owó tí mo fi ránṣẹ́ àti àwòrán páálí náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ń kó wọn lọ bá CAPDAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò inú ọjà náà, lẹ́yìn náà n óò kọ̀wé sí FCCPC. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe irú rẹ̀ fún, kó fi ẹ̀rí tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí a jọ fi sínú ìwé kan náà, nítorí bí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo lọ, wọn yóò tún ní mo jẹ́ kó bọ́ sómi ni.