Driver káàdì SD inú Linux: mo fọwọ́ sí i

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yọ fótò jáde nínú mẹ́mórì káàdì tí kò ṣí mọ́. Àwọn tó ń ya fótò níbi ìgbéyàwó ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dánwò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń yan ohun tí mo máa fi kà á. Lójú tèmi, kò sí èyí tó tó driver Linux, ìyẹn ètò kékeré inú Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi) tó ń darí ihò SD ara làpútọ́ọ̀pù mi.

Kì í méfò nípa adírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nǹkan wà nínú káàdì. Káàdì SD àtijọ́, tí kò ju 2GB lọ, báìtì ni wọ́n fi ń ka adírẹ́sì rẹ̀. SDHC, irú káàdì SD ńlá tó dé ní 2006, àti SDXC tó tẹ̀lé e, búlọ́ọ̀kù ni tiwọn, báìtì 512 sì ni búlọ́ọ̀kù kan. Ó dà bí ilẹ̀ kan náà tí ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n, tí ẹlòmíì ń kà ní púlọ́ọ̀tì. Ká ní driver ń wá búlọ́ọ̀kù 2048. Bó bá jẹ́ SDHC, 2048 náà ló máa fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di 1,048,576. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, búlọ́ọ̀kù 4 ni yóò bá ara rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ó fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ ńkọ́? Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ fi àṣẹ CMD8 pe káàdì; èyí tó bá ti pẹ́ jù kò ní dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kan àṣẹ ACMD41, níbi tí driver ti ń tan bíìtì 30 (àmì kan tó lè jẹ́ 0 tàbí 1) láti sọ pé òun mọ káàdì ńlá lò. Káàdì á fi bíìtì 30 tirẹ̀ fèsì. Síbẹ̀ Linux á tún ka CSD, àkọsílẹ̀ tí káàdì fi ń júwe ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pinnu.

Card reader USB kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú reader fúnra rẹ̀ ló ń bá káàdì sọ̀rọ̀, Linux kò sí níbẹ̀. Reader àtijọ́ tí kì í tan bíìtì 30, tí ẹ bá ki káàdì 8GB bọ̀ ọ́, káàdì náà kò ní ṣe tán láéláé, kọ̀ǹpútà á sì ní òun ò rí nǹkan kan. Oníbàárà mi kan ti fẹ́ ju káàdì rẹ̀ nù nítorí èyí. Mo ki í bọ ihò làpútọ́ọ̀pù, gbogbo fótò ìkómọ tó wà níbẹ̀ jáde pérépéré.

Àléébù driver Linux ni pé ohun tí káàdì bá sọ nípa ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń gbà gbọ́. Ayédèrú tó ní 64GB lòun, 64GB náà ni yóò pè é. Ẹ fi f3write àti f3read, àwọn ètò tí wọ́n fi ń dá ayédèrú káàdì mọ̀, yẹ káàdì tuntun wò, ẹ má fi ṣe èyí tí fótò wà nínú rẹ̀ o.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí driver pinnu nípa káàdì yín, ẹ tẹ sudo dmesg (dmesg ń fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Linux hàn, sudo sì ń lo agbára alábòójútó): "new high speed SDHC card" túmọ̀ sí búlọ́ọ̀kù, "SD" lásán sì jẹ́ báìtì. Ẹni tí kò ní sudo, kó ṣí /sys/block/mmcblk0/device/csd. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 4, búlọ́ọ̀kù ni. Bó bá jẹ́ 0, báìtì ni.