Àga ọparun tí mo rà lẹ́bàá títì Ìbàdàn

Àga ọparun méjì àti tábìlì kékeré kan ni mo rà lọ́wọ́ bàbá oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó ń tajà lẹ́bàá títì. Ọkọ mi kò kọ́kọ́ fẹ́, ó ní ohun tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró kò yẹ ní pálọ̀. Òun gan-an ló ń jókòó sí i jù báyìí.

Ohun tó mú mi fọkàn tán bàbá ni pé wọn ò fi owó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọparun méjì, wọ́n fi ìka kàn án kí n gbọ́. Èyí tó gbó ń dún ko ko, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú. Èyí tí kò gbó ṣì ní nǹkan funfun bí ẹfun lára. "Màdáàmù, èyí tí ò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kan àga fún yín." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ibi tí wọ́n ń ri ọparun sínú odò hàn mí. Omi ló ń fa sítáàṣì inú rẹ̀ jáde, sítáàṣì náà sì ni kòkòrò ajẹgi ń wá. Ọparun tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, Bambusa vulgaris, ní sítáàṣì yìí gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìyẹ̀fun lábẹ́ àga ọparun tí wọn ò rì.

Èyí aláwọ̀ ìyeyè tó ní ìlà aláwọ̀ ewé, irú kan náà ni, àmọ́ ẹwà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn ín fún. Èyí aláwọ̀ ewé ni àwọn èèyàn wa fi ń ti iṣu, tí wọ́n fi ń ṣe àkàbà, tí àwọn apẹja fi ń ti ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Òmíràn wà tó jẹ́ ti Áfíríkà gan-an, Oxytenanthera abyssinica; lágbègbè Iringa ní Tanzania, ẹmu tí wọ́n ń pè ní ulanzi ni wọ́n ń dá lára ọ̀mùnú rẹ̀ nígbà òjò.

Àléébù rẹ̀ ni ìṣó. Wọ́n kan ọ̀kan mọ́ tábìlì láìkọ́kọ́ lu ihò, ọparun sì sán láti oríkèé kan dé èkejì. Ọwọ́ àga kan náà kò rí sáńpépà tó, ó fa àdìrẹ mi ya.

Síbẹ̀, mo tún ti ní kí wọ́n ṣe ibùsùn fún ọmọ mi. Èèkàn igi àti okùn ni mo ní kí wọ́n fi so ó pọ̀.