Ètò, áàpù tó ń pe trélà wọ èbúté Apápá: ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tó kù sí

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán: Ètò. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà, NPA, gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ Truck Transit Parks sì ni wọ́n gbé àmójútó rẹ̀ fún. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: trélà tí wọn kò tíì pè kò gbọdọ̀ yọjú sí Apápá tàbí Tin Can. Ẹni tó bá rántí ìgbà tí ìlà trélà ń ti Apápá gun afárá Ìjọrà, tó tún kọjá sí Western Avenue, kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣòfin bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó ná. Ẹ́ńjìnnì trélà tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan ń mu nǹkan bíi lítà 3 dísù ní wákàtí kan. Lórí ìlà, dírẹ́bà kì í fẹ́ pa á, torí ẹni tí kò bá tètè sún nígbà tí iwájú bá sún, ẹlòmíì á yọrí sí àyè rẹ̀. Wákàtí 8 bẹ́ẹ̀, lítà 24 ti jó dànù, ọkọ̀ kò sì tíì dé ibì kan. Lítà dísù kan ń tú bíi kílò 2.7 gáàsì kábọ́ọ̀nù sáfẹ́fẹ́, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 65 lójúmọ́ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ní páákì tí ọkọ̀ ti ń dúró de ìpè, dírẹ́bà á pa ẹ́ńjìnnì, á lọ sùn. Èrè áàpù yìí fún afẹ́fẹ́ Èkó kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè kékeré.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò le. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ṣí àkáǹtì, á fi owó sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, á fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ dírẹ́bà sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ti gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ààbò ti NPA, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní MSS. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o: táyà tó ti jẹ, iná ẹ̀yìn tí kò tàn, tàbí ìkọ́ tó yẹ kó di kọnténá mú tó ti ṣẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti dá yín dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó yan tẹ́mínà (ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù nínú èbúté), irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, páákì àti ọjọ́. Ọkọ̀ á lọ dúró ní páákì tí NPA fọwọ́ sí. Bí tẹ́mínà bá láyè, wọ́n á pè é bọ́ sí páákì tó sún mọ́ géètì, irú ti Lilypond ní Ìjọrà, láti ibẹ̀ ló ń wọ èbúté.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe àyè tí ẹ bá gbà lórí áàpù yìí. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń bàjẹ́, ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ló ti ń bàjẹ́. Àwọn kan ń yan ọjọ́ kí ajẹ́ǹtì tó ń bá wọn gba ẹrù tó gba TDO, ìwé tí tẹ́mínà fi ń yọ̀ǹda ẹrù. Ọkọ̀ á dé, ẹrù kò ní tíì ṣeé gbé, àyè á sì lọ lásán. Àṣìṣe kejì wà nínú nọ́ńbà ọkọ̀. Orí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n so tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, nítorí náà bí hẹ́ẹ̀dì, orí ọkọ̀ tó ń fa kọnténá, bá bàjẹ́ lọ́nà tí ẹ sì fi òmíràn fa kọnténá náà, tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kò bá a mu mọ́. Ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì.

Kọnténá òfìfo ni orí fífọ́ tòótọ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló ń sọ ibi tí wọ́n á gbà á padà, bí ibùdó wọn bá sì ti kún, kò sí áàpù tó lè ṣẹ̀dá àyè. Ẹ gba ìdáhùn lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀bi tó kù kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀. Àyè ni Ètò ń kà, kíréènì ló ń gbé ẹrù. Bí kíréènì bá bàjẹ́, tàbí tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ń tú kọnténá yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti pè á tò síta, ìlà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti géètì padà sójú títì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọ̀nà: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ti ń ké pé owó ni àwọn kan fi ń kọjá láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ kan tó bá rí bẹ́ẹ̀ wọlé ti ba ìṣirò gbogbo àwọn tó wà ní páákì jẹ́.

Lórí ẹrù tó ń lọ sókè òkun, pàápàá èyí tó lè bàjẹ́, ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ gba àwọn tẹ́mínà tí NPA yà sọ́tọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò àti ìwé tán, kí ọkọ̀ tó kọjú sí èbúté.

Ìjọba Èkó náà ti mú irú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. ₦12,500 ni wọ́n kọ́kọ́ pè lórí ọkọ̀ kan ní 2025, àwọn ọlọ́kọ̀ epo sì fárígá.

Ẹni tó ní ọkọ̀ márùn-ún sókè, ẹ yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Ètò nìkan. Ọkọ̀ kan péré? Ẹ ṣe é fúnra yín, ẹ má fi àkáǹtì yín lé alágbàtà lọ́wọ́. Kí ẹ sì tẹ tíkẹ́ẹ̀tì sórí bébà fún dírẹ́bà, torí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò rí nǹkan fi hàn ní géètì.