Tribal Wars, BattleMaster, Utopia àti Achaea: Èwo Ló Bá Aago Yín Mu?

Kí ẹ tó fi káàdì yín san kọ́bọ̀ lórí eré ogun ayé àwọn ọba àti ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Irú eré tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ni ẹ ó máa kà, ọ̀rọ̀ ni ẹ ó sì máa tẹ̀ padà. Máàpù lè wà níbẹ̀, àwòrán abúlé kékeré lè wà, ṣùgbọ́n inú lẹ́tà, àṣẹ àti ìròyìn ogun ni ìjà, òwò àti ọ̀tẹ̀ ti ń wáyé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fẹ́ fi wéra kò gba owó ìwọlé. Ẹ ó ti wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ owó tó dé, nígbà tó bá sì fi máa dé, wákàtí tí eré náà ti gbà lọ́wọ́ yín yóò ti wọ́n ju owó ọ̀hún lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi ní bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí wọ́n ń tà á.

Tribal Wars: fún ẹni tó lè jí lóru

Ọdún 2003 ni eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Die Stämme. InnoGames tó wà ní Hamburg ló ni ín. Abúlé kan ni wọ́n máa fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ ó máa kó igi, amọ̀ àti irin jọ, ẹ ó fi kọ́ ilé àwọn ọmọ ogun, ọjà àti odi, ẹ ó sì kó àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ jà, onídà, aláàáké, alamí àti ẹlẹ́ṣin jọ. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà kankan.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba abúlé ẹlòmíì, tàbí tí ẹlòmíì bá fẹ́ gba tiyín, ni ọ̀rọ̀ aago ń délẹ̀. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìdúróṣinṣin tó jẹ́ 100, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ dín kù tán kí abúlé náà tó di tiyín. Ìjòyè, ọmọ ogun ọ̀tọ̀ kan, nìkan ló lè dín in kù. Ìgbàkígbà tí ìjòyè bá ṣẹ́gun níbẹ̀, 20 sí 35 ló máa ń yọ kúrò. Torí èyí, àwọn tó mọ eré náà dáadáa máa ń rán ìjòyè mẹ́rin tẹ̀ léra wọn, wọ́n á sì ṣètò rẹ̀ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gúnlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ ní láti ti ọmọ ogun tirẹ̀ bọ àárín wọn, lẹ́yìn tí ti iwájú bá ti dé, kí ti ẹ̀yìn tó dé. Ọwọ́ yíyá àti ojú lílà ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Eré náà ní ayé púpọ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Nínú ayé tó ń yára ní ìwọ̀n 1, ìjòyè ń fi ìṣẹ́jú 35 rin ojú kan, ìyẹn àpótí kan, lórí máàpù. Àwọn tó ń gbé igi ìfọ́di ń fi 30 rìn ín, ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ ń fi 10 rìn ín. Bí ọ̀tá bá wà ní ojú 20 sí yín, ìjòyè rẹ̀ yóò lo wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40 lójú ọ̀nà. Bó bá sì rán an ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú lóru ló máa wọlé sí yín lára. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, eré náà sì ń fi ogun hàn yín lóòótọ́ látìgbà tí ọ̀tá bá ti rán an, pẹ̀lú àkókò tó máa dé. Kò kàn ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọ̀nà àti àkókò ṣírò bóyá ẹlẹ́ṣin ló ń bọ̀ àbí ìjòyè. Bí ẹ bá wá ṣírò rẹ̀ tó sì jẹ́ ìjòyè, ta ló máa jí ní aago mẹ́ta òru?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Àwọn ayé kan máa ń fi kún agbára ẹni tó ń dáàbò bo ilé rẹ̀ lóru. Ẹ tún lè fi àkáǹtì yín sọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán nínú ẹgbẹ́ yín kó máa bá yín ṣọ́ ọ, òfin eré náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó dáa máa ń ní àwọn èèyàn tó ń gbé ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí èyí gan-an. Ẹni tó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà tó wọ ayé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àǹfààní gidi, nítorí pé aago mẹ́ta kọjá ogójì lóru ní London, aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì alẹ́ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò ní irú oríire yẹn. Òru tiwa àti ti London kò ju wákàtí kan lọ síra, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, kò tilẹ̀ sí ìyàtọ̀ kankan.

Mo fẹ́ràn Tribal Wars fún ọgbọ́n ogun rẹ̀. N kò rò pé ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yòókù tó o nínú ìṣètò ìkọlù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, tàbí tí iṣẹ́ yín kò gba kí ẹ máa yọ fóònù wò, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ sanwó níbẹ̀.

BattleMaster: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó parí

Tom Vogt ló dá eré yìí sílẹ̀ ní ọdún 2001. Ẹbí ọlọ́lá kan ni ẹ ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó mú ọmọ ẹbí náà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ sí ilẹ̀ ọba tí ẹ bá fẹ́ sìn. Ẹ kò ní ìlú. Ẹ̀yin ni jagunjagun ẹlẹ́ṣin tó búra fún olúwa ilẹ̀ kan, olúwa ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìjòyè ńlá, ìjòyè ńlá sì wà lábẹ́ ọba. Ẹnìkan ló ń darí ogun, ẹnìkan ń dájọ́, ẹnìkan ń ṣọ́ àpò ìlú. Gbogbo àwọn wọ̀nyí jẹ́ èèyàn gidi bíi tiyín, tí wọ́n jókòó sí ilé wọn tí wọ́n ń kọ lẹ́tà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ayé ibẹ̀ ń yí, wákàtí 12 síra wọn. Àṣẹ tí ẹ bá fi sílẹ̀ kí ó tó yí ni wọ́n máa mú ṣẹ. Ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́wàá ṣáájú àti ẹni tó fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, agbára kan náà ni wọ́n ní. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré yìí àti Tribal Wars kò sí níbòmíràn ju ibẹ̀ lọ. Òfin rẹ̀ tilẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀: ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ òṣèré ni láti wọlé nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀gágun kò gbọdọ̀ fìyà jẹ yín torí pé ẹ kò wọlé ní aago tó fẹ́. Nínú gbogbo eré irú èyí tí mo mọ̀, n kò rí òfin tó bọ̀wọ̀ fún ìgbésí ayé òṣèré tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí ni lẹ́tà. Ogun lè má wáyé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, síbẹ̀ àpótí lẹ́tà yín kún. Ìjòyè kan ń fẹ̀sùn kan èkejì, aṣojú ilẹ̀ kejì ń bẹ̀bẹ̀ fún àdéhùn, ẹnìkan ń rọ yín ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ẹ bá òun dìtẹ̀ mọ́ ọba. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà tó ní làákàyè, ẹ lè di èèyàn ńlá láìjẹ́ pé ẹ mọ ogun jà. Ẹni tó bá sì yan ipa akọni gba ewu kan, torí akọni lè kú lójú ogun kó sì kú pátápátá. Àwọn yòókù sábà máa ń fara gbọgbẹ́ tàbí kí wọ́n mú wọn lẹ́rú ogun. Mo ti rí i tí gbogbo ilẹ̀ kan dúró láti kọ lẹ́tà ìdárò fún akọni tó lọ bẹ́ẹ̀, ó sì wú mi lórí gidigidi.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ogun tó fẹ́ lọ jà ní ilẹ̀ ọ̀tá lè lo ọjọ́ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ìjà lónìí, kó má wọ ibẹ̀.

Utopia

Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni Utopia ti wà. Ojú ewé rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ lásán, ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò yóò sì gbádùn rẹ̀. Wákàtí kan ní ayé wa, ọjọ́ kan ni níbẹ̀. Ọjọ́ 24 ni oṣù wọn, oṣù méje ni ọdún wọn, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan tiwa jẹ́ ọdún kan tiwọn. Ẹ ó ní ilẹ̀ kan, ilẹ̀ yín yóò sì wà lábẹ́ ìjọba kan tó lè ní ilẹ̀ tó tó 25, tí ẹ̀yin fúnra yín ń dìbò yan ọba rẹ̀. Ẹ̀yà tí ẹ bá yàn, ìbáà jẹ́ èèyàn tàbí iwin tàbí aràrá, ló ń pinnu ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí ẹ bá rán ogun jáde, nǹkan bíi wákàtí 12 ni yóò fi padà sílé. Ìyẹn bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì mu, torí ó lè kọlu ọ̀tá ní òwúrọ̀ kí ọmọ ogun rẹ̀ sì wọlé ní alẹ́. Àmọ́ olè àti oṣó ilẹ̀ ọ̀tá kò mọ̀ pé ẹ ń sùn. Wọ́n lè jí owó yín, wọ́n sì lè sun oko yín. Àárín Tribal Wars àti BattleMaster ni mo fi Utopia sí: kò ní jí yín lóru tipátipá, ṣùgbọ́n ìjọba tó ń jagun á fẹ́ kí gbogbo yín kọlù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò bá wá ni wọ́n máa bá wí. Ohun mìíràn ni pé bí sáà kan bá parí, gbogbo èèyàn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì fẹ́ràn èyí torí pé ẹni tuntun kò jìnnà sẹ́yìn. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Achaea

Ọdún 1997 ni Iron Realms Entertainment ti Amẹ́ríkà ṣí eléyìí. Ipa tí ẹ ń kó ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, ìṣètò ogun tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ pátápátá ni: ẹ ó tẹ̀ pé ẹ fẹ́ lọ sí àríwá, eré náà yóò ṣàpèjúwe ibi tí ẹ dé. Àwọn òṣèré ló ń ṣèjọba àwọn ìlú bíi Ashtan, Cyrene àti Mhaldor. Ojú ẹsẹ̀ ni ìjà ń ṣẹlẹ̀, ó sì le gan-an, torí ẹ ní láti máa wo ara yín sàn nínú ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jáde, ẹ ti jáde nìyẹn. Kò sí abúlé tí ẹnikẹ́ni máa gbà kí ẹ tó jí. Àwọn afọ́jú pọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè lè bá a ṣiṣẹ́, àwọn tó ni ín sì ń tọ́jú apá yẹn dáadáa. Bí ẹ bá ní ẹbí tí kò ríran, ibí ni kí ẹ mú un wá.

Nísinsìnyí, owó

BattleMaster kò ta nǹkan kan tí ẹ kò lè ṣe eré láìsí. Ọrẹ ni wọ́n fi ń gbé e ró, ẹni tó bá fẹ́ fún wọn, kó fún wọn.

Tribal Wars ń ta àmì tí wọ́n ń pè ní Premium Points. Àkáǹtì Premium á jẹ́ kí ẹ to iṣẹ́ ilé púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì rí máàpù tó tóbi; ẹ tún lè fi àmì náà ra olùrànlọ́wọ́ fún ìkógun lọ́tọ̀. Èyí kò burú. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni àwọn ayé tí wọ́n ti gbà kí ẹni tó lówó fi àmì náà ra igi àti irin, tàbí kó fi dín àkókò ìkọ́lé kù. Ayé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé òfin tirẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó wọlé. Níbi tí irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹni tí kò lówó náà lè ta irin rẹ̀ kó fi gba àmì, ìyẹn sì mú un rọrùn díẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ayé Tribal Wars máa ń parí. Ohun tí ẹ bá rà síbẹ̀ yóò bá a lọ.

Achaea ni òdìkejì. Àwọn tó ni ín wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ríra nǹkan inú eré ṣe òwò. Credit ni wọ́n ń tà, òun ni ẹ ó fi gba ẹ̀kọ́ àti àwọn ohun èlò alágbára. Ó lè gbówó lérí gan-an bí ẹ bá fẹ́ di akọni lójú ìjà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá rà á wà pẹ̀lú yín lọ́dún dé ọdún. Ẹni tó bá ní sùúrù lè fi wúrà tó rí nínú eré ra credit lọ́wọ́ òṣèré mìíràn.

Fún ẹni tó ń sanwó láti Nàìjíríà, dọ́là tàbí yúrò ni ọ̀pọ̀ iye wọ̀nyí. Ẹ bi báǹkì yín bóyá káàdì náírà yín lè san án, kí ẹ má baà fi ọkàn sí ohun tí kò ní kọjá. Dátà kì í ṣe ìṣòro ńlá torí ọ̀rọ̀ fúyẹ́. Nẹ́tíwọọ̀kì tó ń já ni ìṣòro. Nínú BattleMaster, ẹ lè dúró títí yóò fi padà. Nínú Tribal Wars, ó lè já ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ fẹ́ ti ọmọ ogun yín bọ àárín ìjòyè méjì.

Bí ẹ kò bá fẹ́ aago ẹnikẹ́ni rárá, King of Dragon Pass wà, tí A Sharp gbé jáde ní 1999, tó sì dé orí iPhone ní 2011. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó rà á, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin àti ìgbìmọ̀ ìdílé ẹlẹ́ni méje ni ẹ jọ ń pinnu ìkógun màlúù àti ìgbéyàwó. Ayé tirẹ̀ dàgbà ju ayé àwọn ẹlẹ́ṣin lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkà rẹ̀ dùn.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ní ìdílé, BattleMaster ni mo máa fún un láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́ tó wà ní yunifásítì tó ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó lè pín òru mọ́ra wọn lọ́wọ́, kó wọ Tribal Wars, kó sì má san nǹkan kan títí ààbò àwọn ẹni tuntun, ìyẹn àkókò tí ẹnikẹ́ni kò lè kọlù wọ́n, yóò fi parí. Ọjọ́ tí ààbò yẹn bá kúrò ni ẹ máa mọ irú ẹgbẹ́ tí ẹ wọ̀: bí ẹ bá kígbe pé ogun ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán ọmọ ogun wá ràn yín lọ́wọ́, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn kí ẹ tó mú káàdì jáde.